Àjọṣepọ̀ òkè òkun lórí iná oòrùn: ẹ̀bùn ni, gbèsè ni, àbí ẹ̀kọ́ṣẹ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọjà Jagun, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá tó máa ń bá wa lọ ata pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì kọjú sí mi. Rédíò tó fi kọ́ sára òpó ìsọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn tán ni. Wọ́n ní ìjọba wa àti ìjọba orílẹ̀-èdè kan lókè òkun ti jọ tọwọ́ bọ̀wé àjọṣepọ̀ lórí iná oòrùn. Ìyá ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Àjọṣepọ̀ tí wọ́n ń wí yìí, ṣé wọ́n fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ ni, àbí wọ́n fẹ́ yá wa, àbí wọ́n fẹ́ tà á fún wa?"

Ike ata wà lọ́wọ́ mi, àwọn méjì sì ti tò sẹ́yìn mi, n kò ráyè dá a lóhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìyá kà yẹn ló wà nínú àjọṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìkẹrin kan tún wà tí kò dárúkọ, òun gan-an ni mo sì gbà pé ó yẹ ká máa wá ká tó wá owó. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, fún ìyá, àti fún gbogbo ẹni tí irú ìròyìn yẹn ti kọjá létí rẹ̀ tí kò yé e.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi iná fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bẹntiróòlù tí ìyá ń rọ sínú ẹ̀rọ rẹ̀, bó bá ti jó, ó parí nìyẹn. Lọ́la, á tún gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé epo, iye tí wọ́n bá sì pè é lọ́jọ́ náà ni yóò san. Gbogbo wa la rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó 200 náírà fò lọ sí nǹkan bí 500 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, owó ata lílọ náà sì gbéra sọ. Oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a lò lónìí kò dín ti ọ̀la kù. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, odò tó ń ṣàn, gáàsì tó ń jáde lára ìgbẹ́ màlúù àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a bò mọ́lẹ̀ kó jẹrà, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn ni wọ́n ń pè ní agbára tó ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. N kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni o. Oòrùn ni ọ̀fẹ́. Páńẹ́ẹ̀lì, bátìrì, wáyà, àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó so wọ́n pọ̀, owó ni gbogbo wọn.

Ìmọ̀ tó wà nídìí páńẹ́ẹ̀lì náà kò sì ti ilé ẹnì kan ṣoṣo jáde. Ọmọ Faransé kan, Edmond Becquerel, ló kíyè sí i ní ọdún 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè bí iná mànàmáná. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1954, kí àwọn onímọ̀ ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, tó fi silicon ṣe èyí tó wúlò. Ó wọ́n nígbà náà débi pé ara sátẹ́láìtì lójú òfuurufú ni wọ́n ti ń lò ó. Ní ọdún 2000, Jámánì ṣe òfin kan: ẹni tó bá gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé rẹ̀ yóò máa rí iná rẹ̀ tà ní iye tí òfin ti dá sílẹ̀, fún ogún ọdún. Ọjà ṣí. Ṣáínà wá kọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Lónìí, nínú páńẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tí wọ́n bá ṣe láyé, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ ti Ṣáínà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé orílẹ̀-èdè kan fẹ́ kọ́ òmíràn ní iṣẹ́ oòrùn, kì í ṣe ohun tuntun. Bó ṣe dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó kàn gba apá kan lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ kún un.

Ó wá ku ìbéèrè ìyá. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn àjọṣepọ̀ wọ̀nyí tí kò ní ẹ̀gbọ́n nínú àṣà wa.

Ẹ wo ọ̀wẹ̀. Bí a bá bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn èèyàn á wá bá wa mọlé tàbí kí wọ́n bá wa ro oko, wọn kò sì ní gbowó. Ẹ̀bùn láti òkè òkun jọ ọ́. Ìjọba Japan, nípasẹ̀ àjọ wọn tó ń jẹ́ JICA, gbé ibùdó iná oòrùn tó tó megawatt 1.2 (ìyẹn kilowatt 1,200) kalẹ̀ síbi ìdídò Lower Usuma, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi tí àwọn ará Àbújá ń mu. A kò ní dá owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bẹ ọ̀wẹ̀ rí mọ̀ pé ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ. Òun ló ń pèsè omi àti amọ̀, òun náà ló sì ń tún òrùlé ṣe bó bá jò lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́wẹ̀ ti lọ sílé wọn. Nínú ẹ̀bùn iná, ilẹ̀, ẹ̀ṣọ́, àti owó àtúnṣe ni oúnjẹ tí a ní láti sè.

Ẹ̀yáwó ni èkejì, òun ló sì pọ̀ jù nínú owó ńláńlá tí ẹ ń gbọ́. Ní ọdún 2018, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 350 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò tí wọ́n pè ní Nigeria Electrification Project, tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, REA, bójú tó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún èyí tó tẹ̀ lé e, DARES, pẹ̀lú èròńgbà pé iná yóò dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17.5. Bí rédíò bá ní Báńkì Àgbáyé "fún" Nàìjíríà lówó, kí etí yín gbọ́ "yá." Kì í ṣe owó sọ̀gúndogójì, èlé orí rẹ̀ kéré, ọdún tí wọ́n fi ń san án sì gùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé dọ́là la yá, náírà la sì ń pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó bá jẹ gbèsè dọ́là láàárín àkókò yẹn, gbèsè rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà, bí kò tilẹ̀ yá kọ́bọ̀ kún un. Ẹ má ṣe torí èyí sọ pé kí ìjọba má yáwó. Ẹ kàn máa béèrè bóyá ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń san án.

Òwò ni ẹ̀kẹta. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan gba ewúrẹ́ ẹlòmíràn sìn, tí wọ́n jọ ń pín ọmọ rẹ̀. Olówó ewúrẹ́ kò ṣàánú ẹni tó ń sìn ín. Ọmọ ewúrẹ́ ló ń wá. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ìpín bá ti yé tọ̀tún tòsì. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ ṣe ń wá kọ́ ibùdó iná oòrùn kékeré sí abúlé tí wáyà NEPA kò dé, tí wọ́n á fa wáyà wọ ilé, tí wọ́n á fi mítà síbẹ̀, tí ará abúlé yóò sì máa ra káàdì. Mini-grid ni wọ́n ń pè é. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ọ̀kan wà ní Gbámú-Gbámú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló kọ́ ọ, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ìjọba Jámánì sì ràn án lọ́wọ́. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i. Kilowatt 85 ni agbára rẹ̀.

Kilowatt yìí máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbẹ̀. Kilowatt ni bí ẹnu ẹ̀rọ omi ṣe fẹ̀ tó. Yúníìtì tí ẹ ń rà sórí mítà ni iye garawa tí omi náà kún. Bí a bá lo kilowatt kan fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan ti lọ. Gílóòbù kékeré tó ń jẹ watt mẹ́wàá, ẹ lè tàn án fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kó tó jẹ yúníìtì kan náà. Tí ẹnìkan bá wá dúró níwájú yín tó ní megawatt báyìí báyìí làwọn fẹ́ kọ́, bí ẹnu ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ. Ẹ bi í pé garawa mélòó lójúmọ́, torí oòrùn kì í ràn lóru. Ní agbègbè tiwa, páńẹ́ẹ̀lì kilowatt kan sábà máa ń mú nǹkan bíi yúníìtì mẹ́rin wá lójúmọ́. Ibùdó kilowatt 85 lè mú bíi 340 wá, kí gbogbo abúlé pín in.

Iná irú ibùdó yìí máa ń wọ́n ju ti NEPA lọ lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Inú máa ń bí àwọn èèyàn sí i, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé ohun tí abúlé náà ń lò tẹ́lẹ̀. Lítà bẹntiróòlù kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju yúníìtì méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ariwo, èéfín àti owó oníṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ohun tó wọ́n jù ní ibùdó náà ni bátìrì, torí òun ló ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán di alẹ́, òun náà ló sì kọ́kọ́ ń gbó. Òfin tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná nílẹ̀ wa, gbé jáde ní 2016 wá fún ará abúlé lágbára kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ fi àdéhùn gbé iye owó kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gba iná fọwọ́ sí i. Ìpàdé tí wọ́n bá pè lábẹ́ igi ní abúlé, ọ̀rọ̀ owó lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe rán ọmọdé lọ ṣojú yín.

Mo dé ibi tí mo ń lọ wàyí. Ìkẹrin ni ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ní Másífà, níbi tí mò ń gbé, àwọn kan wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì lé e lórí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sára táńkì, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Omi náà ṣe wá lóore. Nígbà tó di ọdún kejì, ó dákẹ́. A pe nọ́ńbà náà títí, kò lọ. Oṣù mọ́kànlá làwọn ọmọ àdúgbò fi ń ru kẹ́ẹ̀gì kọjá títì lárààárọ̀ kí wọ́n tó lọ síléèwé. Ọmọkùnrin kan tó ń tún ínfátà ṣe ní àdúgbò Under G ló wá bá wa gun òkè níkẹyìn. Ó ṣí àpótí kékeré tó wà nídìí páńẹ́ẹ̀lì. Fíúsì kan ló jó. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí rẹ̀. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, torí ìmọ̀ iná ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ń wo nǹkan yẹn lójoojúmọ́ láì gun òkè lọ wò ó, nítorí wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó fún wa ní kànga yẹn kò ṣe àìdáa. Ó fún wa ní ewúrẹ́, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa bí wọ́n ṣe ń sìn ín.

Bí ọmọ bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀, ọ̀gá kò ní kàn gbé máṣíìnì lé e lọ́wọ́. Á kọ́kọ́ gbálẹ̀, á wo ọwọ́ ọ̀gá, á ran èyí tó wọ́, wọ́n á ní kó tú u, títí ọjọ́ tó máa gba òmìnira, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un níwájú àwọn èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀gá bá kó lọ sí ìlú mìíràn, aṣọ kò ní tìtorí rẹ̀ wà láìrán. Àjọṣepọ̀ tó bá ní ìmọ̀ nínú gbọ́dọ̀ ní irú ọjọ́ ìgbòmìnira bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ náà kì í sì í ṣe ti wáyà àti páńẹ́ẹ̀lì nìkan. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Jámánì bẹ̀rẹ̀ ètò kan pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná. NESP ni wọ́n ń pè é, àjọ GIZ ti Jámánì ló darí rẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n bá wa ṣe ni iṣẹ́ orí òfin mini-grid tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ká tó ní òfin yẹn, ẹ̀rù máa ń ba olówó: bí mo bá kọ́ ibùdó síbí lónìí, tí wáyà NEPA sì dé lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni yóò san owó mi? Òfin náà dáhùn pé yóò gba owó ìdápadà fún ohun tó kọ́, tàbí kó so tirẹ̀ mọ́ ti NEPA. Ìwé lásán ni, ẹ kò lè gbé e sórí òrùlé, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí àwọn tó ní owó gbójú lé abúlé.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀ wà ní Íńdíà. Ní abúlé Tilonia, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, ibùdó ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Barefoot College, tí Bunker Roy dá sílẹ̀ ní 1972. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń kó wá láti abúlé káàkiri ayé, láti Áfíríkà pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà, wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Wọ́n ń fi àwọ̀ wáyà, àwòrán, àti ọwọ́ kọ́ wọn. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ìyá àgbà tí kò di tọ́ọ́ṣì mú rí ti ń jó òjé mọ́ ara pátákó iná kékeré, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì, ó sì ti mọ ibi tó yẹ kó wò bí iná bá kọ̀. Ìjọba Íńdíà san púpọ̀ nínú owó rẹ̀ láti inú ètò ìrànwọ́ ìmọ̀ wọn, ITEC, tó ti wà láti 1964. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyá àgbà? Nítorí pé bí wọ́n bá kọ́ ọ̀dọ́kùnrin, tí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, ìlú ńlá ló ń lọ. Ìyá àgbà á padà sílé, torí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa tí a wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ilé mélòó ló wà ní Ìjẹrù tàbí ní Ápákẹ́ tí àgbàlagbà nìkan ló kù nínú wọn?

Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ sì ti rí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó yọrí rí. Nígbà tí dókítà Baptist, George Green, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn níbí ní 1907, àjèjì ló ń tọ́jú aláìsàn. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù náà, wọ́n ń kọ́ ọmọ wa. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ wa di nọ́ọ̀sì, wọ́n di dókítà, wọ́n di olórí. Láti ọdún 2009, ibẹ̀ ti di ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń darí rẹ̀, àwọn náà ló sì ń kọ́ àwọn dókítà tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọsibítù yẹn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí pé àjèjì kan wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé. Irú èyí ni mo fẹ́ fún iná.

Ìmọ̀ náà kì í sì í ti apá kan ṣoṣo wá. Ẹ wo bí páńẹ́ẹ̀lì ṣe ń dẹ̀gbẹ́ lórí òrùlé. Ní Jámánì, oòrùn kì í dé àtàrí, nítorí náà wọ́n máa ń gbé páńẹ́ẹ̀lì dìde dáadáa, bíi dígírì 30 sí 35. Bí ẹnìkan bá tẹ̀ lé ìwé Jámánì kan páńẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti pàdánù iná. Níbí, bíi dígírì 10 sí 15 ti tó, kó kọjú sí gúúsù. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, eruku ọyẹ́ á jókòó sórí rẹ̀, òjò kò sì ní lè fọ̀ ọ́. Ooru ńkọ́? Nínú yàrá tí wọ́n ti wọn páńẹ́ẹ̀lì, ìgbóná dígírì 25 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lórí páànù wa ní oṣù Kẹta, páńẹ́ẹ̀lì náà lè gbóná tó 60. Bí ó ṣe ń fi dígírì kan gbóná sí i, bíi ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ń lọ, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdá 14 lè sọnù lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti páànù yóò gba díẹ̀ padà. Ọmọkùnrin Under G yẹn mọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó yẹ kí irú rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì nígbà tí àwọn onímọ̀ láti òkè òkun bá dé, kó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ LAUTECH pọ̀ nílùú yìí láti 1990. Kò yẹ kí wọ́n kàn máa wo àwọn àjèjì láti ẹ̀yìn ọgbà.

Ohun ńlá láìsí ìlò kò ṣòro láti kọ́. Lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, níbí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìdídò Ìkéré Gorge ti wà lórí odò Ògùn láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n ní yóò mú megawatt 6 wá, yóò sì bomi rin oko tó tó hẹ́kítà 12,000. Omi kún un. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, iná kò ti ibẹ̀ jáde.

Ibi tí wọ́n ti ń tọwọ́ bọ̀wé náà ti ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, Àbújá ni gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 wọ́n tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe, ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà òfin iná mànàmáná tuntun jáde, ìpínlẹ̀ sì lè ṣe òfin tirẹ̀ lórí pípèsè àti pípín iná, kódà níbi tí wáyà NEPA ti wà. Àwọn àjèjì lè wá bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀ báyìí. Aṣojú tí a dìbò fún láti Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà ní ilé aṣòfin níbẹ̀, ẹ lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn orúkọ bíi IRENA, àjọ àgbáyé lórí agbára tó ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bonn ní 2009 tí olú ilé rẹ̀ wà ní Abu Dhabi, àti ISA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè lórí iná oòrùn, tí Íńdíà àti Faransé dá sílẹ̀ ní Paris ní 2015, ẹ máa gbọ́ wọn pẹ̀lú. Nàìjíríà wà nínú méjèèjì. Ìmọ̀, ìṣirò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni iṣẹ́ wọn jù lọ.

Nígbà tí mo padà lọ sí Jagun, mo sọ gbogbo èyí fún ìyá bó ṣe ń fi omi ṣan ẹ̀rọ. Ó gbọ́ tán, ó ní abúlé àwọn àna òun, lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ wá kọ́ mini-grid, ìpàdé wọn sì di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ni kí wọ́n béèrè? Mo ní kí wọ́n béèrè orúkọ ọmọ abúlé méjì tí wọn yóò kọ́, kì í ṣe ìlérí pé wọn yóò kọ́ èèyàn. Kí wọ́n béèrè ibi tí fíúsì àti àwọn ohun kéékèèké yóò wà, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n béèrè ibi tí bátìrì tó bá gbó ń lọ, torí òjé wà nínú irú àtijọ́, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ bí wọ́n bá fọ́ ọ sẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n béèrè iye owó tí wọn yóò máa ta yúníìtì kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìyá ní, "Ẹ̀rọ ata ńkọ́? Ṣé oòrùn lè gbé e?"

Mo ní ó lè gbé e, bí wọ́n bá mọ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Mótò iná, bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, máa ń fa iná ní ìlọ́po márùn-ún sí méje ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń yí. Ìdí nìyẹn tí ínfátà kékeré fi máa ń kú fin-ín bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ata. Ohun èlò kékeré kan wà tó máa ń jẹ́ kí mótò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí wọ́n sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé ẹlẹ́rọ mẹ́ta ló wà lábúlé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò wọn. Inú àwọn onímọ̀ á sì dùn láti gbọ́ ọ. Ọ̀sán ni wọ́n ń lọ ata, ọ̀sán náà ni oòrùn ń mú, nítorí náà púpọ̀ nínú iná tí ẹ̀rọ ata bá jẹ kò ní gba inú bátìrì kọjá.